Òbìrìkìtì Dúdú Tó Pa Dé Mọ́ Alága Lójú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè dá gbé mọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, àmọ́ ẹnu pásítọ̀ wa kì í dúró sójú kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ìyàwó mi, àmọ́ mo bẹ̀rù ìyàwó mi ju pásítọ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ojú mi ló wá kù.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọmọ àbúrò mi máa kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àdúgbò, á máa tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò ṣe. Èmi ni mo ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn.

Kí n sì tètè sọ òótọ́ fún yín. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dùn mí. Apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń mu tíì, tíì máa ń gba imú mi jáde nítorí ẹ̀rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Múṣin ni mò ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá Àjàó. Mò ń tún tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ṣe. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an kò sì wọ̀ mí lórí dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tó ń gba èrò jù ládùúgbò wa. Géèmù ìgbà náà ni mò ń wí o, èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tí a máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí nídìí kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Títí di òní, àwọn tó ti ń hu irùngbọ̀n funfun ṣì ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Géèmù.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹni tí ò ń darí nínú géèmù bá kú, dúdú máa ń yọ láti etí tẹlifíṣọ̀n wá. Á fi ihò róbótó kan sílẹ̀ láàárín. Ihò yẹn á máa kéré sí i, á máa kéré sí i, títí tí kò fi ní ku ohunkóhun nínú rẹ̀ ju orí ẹni tó kú lọ. Lẹ́yìn náà, á pa dé pátápátá. Òbìrìkìtì la máa ń pè é. Bó bá ti pa dé mọ́ ẹ báyìí, ó tán. Wàá mú páàdì tí o fi ń tẹ géèmù, wàá fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bí o bá ń fi falẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo lé ẹ lórí pé: "Gbé páàdì sílẹ̀!" Ìbáà jẹ́ ọmọ onílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìmáàmù.

Gàníyù ló máa ń fi falẹ̀ jù. Ọ̀rẹ́ mi ni nígbà yẹn, ẹgbẹ́ mi sì ni. Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn àgbà àdúgbò wa. Bí òbìrìkìtì bá ti pa dé mọ́ ọn, á ní iná ló ṣẹ́jú, á ní páàdì ló ń dì, á ní ẹnì kan ló húkọ́ sí òun létí. Lọ́jọ́ kan, Rísí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Rísí yìí, àwa méjèèjì la ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Òbìrìkìtì pa dé mọ́ Gàníyù, Gàníyù di páàdì mú. Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Gàní, o ti kú, sún sẹ́yìn fún alààyè." Rísí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Gàníyù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ bá bàbá rẹ̀ pé mò ń ta igbó fáwọn ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mu igbó rí láyé mi, ká má tíì wá sọ pé mò ń tà á. Èéfín sìgá lásán, ikọ́ ló máa ń fún mi. Àmọ́ àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ kó igi wá. Wọ́n fọ́ gbogbo tẹlifíṣọ̀n mi.

Mo mọ̀ pé ọkùnrin gidi á dúró jà. Èmi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, mo sá wọ balùwẹ̀ ilé kejì, mo bá ìyá àgbà kan níbẹ̀ tó ń wẹ̀. Ìyá yẹn ti fi kóńgò lù mí délẹ̀ kí àwọn tó ń wá mi tó débẹ̀. Kò wá ku ohun púpọ̀ tí wọ́n máa lù mọ́.

Bàbá mi ló wá bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ kiri. Ìjẹ̀ṣà ni, ó lágídí, ó sì fẹ́ràn aṣọ tó gún régé. Lọ́jọ́ yẹn, ó dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn àgbàlá bàbá Gàníyù, tòun taṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Wọn kò ní kó dìde kíákíá. Gàníyù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tirẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dà nù. Díẹ̀ nínú èèpo yẹn balẹ̀ sára bàbá mi.

Mo ti gbójú fo ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Mo ti gbójú fo ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gàníyù gan-an ló padà gba ibẹ̀, tó ń fá irun nínú rẹ̀. Rísí náà, ẹlòmíràn ló fẹ́, kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn. Ẹ̀pà yẹn ni n kò gbójú fò. Bàbá mi kò gba iwájú ilé yẹn mọ́ títí tó fi kú. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́, bí ẹni tó jalè.

Àmọ́ ẹ wò mí o. Láti ìgbà náà, mò ń bá Gàníyù rẹ́rìn-ín. Mo bá a sọ ọmọ lórúkọ. Bí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bá bàjẹ́, èmi ni mò ń tún un ṣe. Gbogbo àdúgbò rò pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, òun ni mo ń pè ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí bàbá Gàníyù kú, Gàníyù di alága àdúgbò. Àsìkò rẹ̀ ti pé tipẹ́, kò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìbò nípàdé, á ní ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gọ́tà. Bí a bá sọ̀rọ̀ gọ́tà tán, á ní ká gbàdúrà. Bí a bá ṣàmín, ìpàdé ti parí nìyẹn.

Ibí yìí ni ọmọ àbúrò mi ti wọ ọ̀rọ̀. Tèmi ni wọ́n ń pè é. Ó gba yàrá ní Yábàá, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe áàpù fóònù. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni bí ojú fóònù ṣe máa ń ṣí, tó máa ń pa dé, tó máa ń kúrò ní ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn. Alága Gàníyù fẹ́ áàpù fún àdúgbò wa, kí àwọn èèyàn máa rí ìkéde nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi gba àlejò wọlé ní géètì, kí àwòrán àwọn olóyè àdúgbò sì wà níbẹ̀. Èmi ni mo mú Tèmi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, nígbà yẹn, n kò ní nǹkan kan nínú.

Ọ̀gá Tèmi ní kí áàpù náà jọ géèmù àtijọ́, kí àwa tí a ti ń dàgbà lè fẹ́ràn rẹ̀. Ni Tèmi bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àńkù, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, báwo ni ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe máa ń kúrò níbì kan bọ́ síbòmíì?"

"Á pa dé, á tún ṣí. Kí ló tún kù?"

"Ìyẹn mo mọ̀. Mo ti wo fídíò ẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Bó ṣe máa ń ṣe yín nínú ni mo ń bi yín."

Ẹnikẹ́ni kò bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí. Mo gbàgbé tẹlifíṣọ̀n tí mo tú palẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú fóònù ìsinsìnyí máa ń yọ̀ lọ bí ẹni tẹ epo mọ́lẹ̀, pé èyí tàtijọ́ kò lágbára bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń fò láti ibì kan dé ibì kejì, kò mọ ohun tó wà láàárín. Nítorí náà, òun ń kọ́ fóònù tuntun bó ṣe máa ṣe bí arúgbó. Ó fi hàn mí. Ojú ewé kan fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì dà sílẹ̀ bíi gààrí látinú ọ̀rá tó ya. Òmíràn wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi kọ́tìn ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó tẹ ibì kan, òbìrìkìtì yọ. Dúdú ń bọ̀ láti etí, gì, gì, gì.

"Ha! Àńkù, ẹ wo ọwọ́ yín!"

Mo wo ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò mi ń tẹ afẹ́fẹ́. Ó ń wá bó ṣe máa sá àsálà. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

"Ibo ló yẹ kó pa dé sí?" ló bi mí. "Ṣé àárín ojú fóònù ni?"

"Rárá o. Orí ẹni tó kú ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo rí Gàníyù. Mo rí i kedere, orí rẹ̀ nínú ihò róbótó, ó ń kéré sí i. Mo ní kí Tèmi jẹ́ kí n lọ po tíì. N kò po tíì kankan. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo lọ dúró sí. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbà tí mo padà wọlé ni mo parọ́. Mo ní, "Tèmi, Alága rán mi sí ẹ o. Ó ní kí òbìrìkìtì máa ṣí fún àwọn olóyè tó kù. Tòun nìkan ni kó máa pa dé. Kó pa dé sórí òun."

"Àńkù, ẹni tó bá fìdí rẹmi mà ni wọ́n ń pa á mọ́."

"Ó fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé ni. Àwàdà ni. Má pè é láti bi í, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ló ni ín."

Kò dá a lójú. Ó tún pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. "Àńkù, ṣé lóòótọ́ ni Alága sọ ọ́?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo fi orúkọ bàbá mi búra fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi áàpù náà hàn dé. Àgbàlá bàbá Gàníyù náà ni a ti máa ń ṣèpàdé títí di òní. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, Tèmi so fóònù mọ́ ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára rẹ̀. Gàníyù dé fìlà tuntun. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn èèyàn fi ń yán. Ó ní kí àwọn tó ń sọ pé òun ti pẹ́ jù lórí àga wá wo ohun tí òun ṣe.

Ó tẹ àwòrán akọ̀wé. Òbìrìkìtì ṣí, ojú akọ̀wé yọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó tẹ ti akápò, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó wá tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó tẹ tirẹ̀.

Àwòrán rẹ̀ yọ gbàgàdà lára ògiri, gbogbo eyín ló wà níta. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Gì. Ó bo fìlà. Gì. Ó bo etí méjèèjì. Gì. Ó ku imú. Ó dúró díẹ̀ lórí imú yẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró nígbà àtijọ́, nítorí iṣẹ́ Tèmi dára. Ó wá pa dé. Orin kékeré kan tí ń wálẹ̀ bí ẹni ń ṣubú látorí àtẹ̀gùn tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni Múfú mẹkáníìkì, tó máa ń tẹ géèmù lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, fi ohùn ìgbà èwe rẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn: "Gàní! Gbé páàdì sílẹ̀!"

Yéè! Àwọn bàbá onírùngbọ̀n ń lu àga. "Gbé páàdì sílẹ̀! Gbé páàdì sílẹ̀!" Àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn àgbà ń sọ fún wọn, bó ṣe ń yé wọn ni wọ́n ń gbè é. Gàníyù rò pé fóònù ló ṣàṣìṣe. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún pa dé mọ́ ọn. Orin yẹn tún ṣubú látorí àtẹ̀gùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ìjẹ́wọ́ ni mò ń ṣe, kí n má fi nǹkan pa mọ́. Mo ti ra ẹ̀pà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mú un jáde nínú àpò mi. Mo ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dà nù, mò ń wo Gàníyù. N kò tíì jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Màmá Sìkírù, tó ń gbé ní òpin àdúgbò, dìde ó ní, "Ṣé a ò wá ní dìbò báyìí?" Wọ́n dìbò lójú ẹsẹ̀. Gàníyù bọ́ sílẹ̀, Màmá Sìkírù gun orí àga. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, n kò ní kọ ohunkóhun sí yín. Ǹ bá ṣì máa rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ Gàníyù kò jókòó. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Tèmi dìde. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀, sà."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Tèmi yíjú, ó wò mí.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo nílò. "Èmi ni." Ẹ̀pà dúró sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mo wo àwọn ọmọkùnrin Gàníyù, wọ́n ga, wọ́n sì sanra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ti ń wá balùwẹ̀. Arúgbó bíi tèmi, mo ti ń ronú ilé tó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan ti máa wẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ inú ìwé tí wọ́n fi wé ẹ̀pà bí ẹni pé ìròyìn pàtàkì kan wà níbẹ̀.

Ọmọ yẹn dúró dè mí. Ó dúró dè mí títí tí gbogbo èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó ń wò. Nígbà tó rí i pé n kò ní gbójú sókè, ó yí padà sí Gàníyù.

"Èmi ni, sà," ló wí. "Àṣìṣe mi ni."

Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó lọ máa gbélé títí tí àdúgbò máa fi kọ̀wé pé àwọn ti dárí jì í. Gàníyù ní òun máa gbà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wá sí àgbàlá bàbá òun, kó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn níwájú gbogbo ìpàdé, kó sọ pé òun tàbùkù àgbàlagbà. Màmá Sìkírù gbà, nítorí ó fẹ́ kí àlàáfíà wà. Àbúrò mi, ìyá Tèmi, náà ní kó lọ ṣe é: "Kúnlẹ̀ kó o dìde, jàre. Iṣẹ́ ẹ ni kó o máa rò." Kò mọ̀ pé èmi ni. Tèmi kò tíì sọ fún un. Àbúrò mi kéré nígbà tí bàbá wa dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, kò rántí iyanrìn yẹn. Èmi rántí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tèmi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Àńkù, ẹ fi orúkọ bàbá àgbà búra fún mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páàdì kan wà lórí tábìlì mi, èyí tó kù nínú èyí tí wọ́n fọ́. Ó mú un, ó yí i wò, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti sọ òfin ṣọ́ọ̀bù mi fún yín: èmi ló kàn.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde lọ́jọ́ Àìkú kí Tèmi tó kúnlẹ̀. Kí n sọ pé èmi ni mo parọ́ fún un, kí n sì fi àyà lélẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, níwájú gbogbo èèyàn. Ìyẹn kò ni mí lára. Ìtìjú ti di aṣọ mi báyìí. Àmọ́ Gàníyù á wà níbẹ̀. Ibi tó dúró sí nígbà náà ló máa dúró sí. Ẹni bá rí mi nílẹ̀ á sọ pé òun ni mò ń bẹ̀, n kò sì ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì í, n kò bi yín ní ìyẹn.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé mo lè dọ̀bálẹ̀, kí n kọ orí sí Tèmi, kí n sì kọ àtẹ́lẹsẹ̀ sí Gàníyù? Ṣé Tèmi á lè dárí jì mí bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní ka ìyẹn náà sí ẹ̀tàn? Mo ti ń gbìdánwò rẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá, ìyàwó mi sì rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Kí ẹ sì bá mi ro èyí náà mọ́ ọn, nítorí òun ni kò jẹ́ kí n jẹun. Bí mo bá ti wà nínú iyanrìn, tí mo ń bẹ ọmọ yẹn tọkàntọkàn, tí mo wá gbọ́ lẹ́yìn mi tí Gàníyù ń bó ẹ̀pà ńkọ́?